Brọ́ílà, kọ́kẹ́rẹ́ẹ̀lì, nọ́ílà àbí léyà: èwo lowó yín ká?

Kí ẹ tó béèrè iye tí wọ́n ń ta ọmọ adìẹ ọjọ́ kan, ẹ kọ́kọ́ ṣírò oúnjẹ oṣù mélòó lẹ lè rà kí adìẹ náà tó mówó wálé. Ibẹ̀ ni orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ti yàtọ̀ síra jù.

Brọ́ílà ló yá jù. Ẹran nìkan la ń torí ẹ̀ sìn ín, ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ló sì fi ń tó kílò 2, nígbà míì ó máa ń jù bẹ́ẹ̀. Tó bá ti tóbi tó bẹ́ẹ̀, tí kò wá sí oníbàárà nílẹ̀, owó oúnjẹ tó ń jẹ á máa ju owó ẹran tó ń gbé wọ̀ lọ. Ẹni tó ń fojú sí ọjà Kérésì, ìparí oṣù kẹwàá ni kó gbé e wọlé.

Akọ inú ìran léyà, ìyẹn adìẹ tí a ń sìn torí ẹyin, ni kọ́kẹ́rẹ́ẹ̀lì. Kò lè yé, ìdí nìyẹn tí ọmọ rẹ̀ kì í fi í wọ́n. Ó máa ń gbà tó oṣù 4 sí 5, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ le, ẹran rẹ̀ sì ki. Nọ́ílà, tí Amo Farm ní Awẹ́, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, mú jáde, tètè ń tóbi jù ú lọ. Ó lè jẹ̀ káàkiri àgbàlá, abo rẹ̀ sì ń yé, bí kò tiẹ̀ tó ti léyà.

Léyà ló lérè jù lójú tèmi, fún ẹni tó bá lè mú sùúrù. Ó di bí ọ̀sẹ̀ 18 sí 20 kó tó yé ẹyin àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, èyí tó dáa lè yé nǹkan bí 300 lọ́dún. Àwọn tí kò lè dúró máa ń ra POL, ìyẹn èyí tó kù díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀ sí í yé. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ o, torí àwọn kan máa ń ta àgbà léyà lórúkọ POL. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀: ti POL máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí òróró, ti èyí tó ti yé fún ọ̀pọ̀ oṣù á ti ṣí, á sì funfun. Ògbe orí POL ṣì kéré, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pupa ni. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti fún un ní àjẹsára lùkúlùkú àti Gumboro, àrùn méjì tó máa ń pa adìẹ.

Tó bá jẹ́ ọmọ Isa Brown, ìran léyà kan, lẹ fẹ́ rà, ẹ ṣí páálí kí ẹ tó sanwó. Abo máa ń pupa rúsúrúsú, akọ máa ń funfun. Tí funfun bá pọ̀ níbẹ̀, ẹ má gbà á.