CBIS-DDSM: ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ ẹ la ojú yín dáadáa

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ kọ̀ǹpútà bí wọ́n ṣe ń dá jẹjẹrẹ ọmú mọ̀ lórí mammogram (àwòrán X-ray ọmú), CBIS-DDSM, àkójọ irú àwòrán bẹ́ẹ̀, ló sábà máa ń kọ́kọ́ bá pàdé. Orí The Cancer Imaging Archive, ìkànnì tí wọ́n ń kó àwòrán jẹjẹrẹ sí, ló wà, ẹ ò sì ní kọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni kí ẹ tó rí i gbà. Obìnrin 1,566 ló ni àwọn àwòrán náà, gbogbo rẹ̀ sì lé ní 160 GB, nítorí náà ẹ ṣírò owó dátà yín ná. Fáìlì kékeré kan tí wọ́n ń pè ní manifest lẹ máa kọ́kọ́ gbà, ètò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ NBIA Data Retriever ló máa wá lò ó láti fa àwòrán gan-an wálẹ̀.

Ohun tó fi yẹ ká gbóríyìn fún un ni pé èyí tí wọ́n bá kọ MALIGNANT (jẹjẹrẹ ni) sí, àyẹ̀wò ẹran ara ló gbè é lẹ́sẹ̀, kì í ṣe ohun tí dókítà kàn fojú wò. Wọ́n tún ti ya ààlà kókó kọ̀ọ̀kan sí fáìlì ọ̀tọ̀, ìyẹn mask.

Inú fólídà ni wàhálà wà. Ibi tí CSV, ìyẹn fáìlì tábìlì tó to àwọn àwòrán náà lẹ́sẹẹsẹ, bá júwe, ẹ lè má bá fáìlì náà níbẹ̀. Mask àti àwòrán tí wọ́n gé jọ máa ń wà lójú kan, 1-1.dcm àti 1-2.dcm, CSV a sì máa pe èkíní ní èkejì. Ẹ má gba orúkọ gbọ́. Ẹ fi pydicom, irinṣẹ́ Python tó ń ka fáìlì DICOM (irú fáìlì tí wọ́n ń fi àwòrán ìṣègùn sí), ṣí méjèèjì: èyí tó jẹ́ 0 àti 255 nìkan ló wà nínú rẹ̀, tó sì tóbi tó odindi àwòrán, òun ni mask. Nọ́ńbà aláìsàn náà ń tanni: nínú DICOM, àwọn 1,566 yẹn á dà bí 6,671, torí wọ́n lẹ ẹ̀gbẹ́ ọmú àti irú àwòrán mọ́ ọn. Apá tó dà bíi P_00001, tó jẹ́ nọ́ńbà ẹni náà gan-an, nìkan ni kí ẹ fi pín ènìyàn, kí ẹnì kan má baà wà nínú ẹ̀kọ́ kó tún wà nínú ìdánwò. Ẹni tó bá da CSV kókó pọ̀ mọ́ ti kálísíọ́mù (hóró funfun kéékèèké inú ọmú) gan-an ló yẹ kó ṣọ́ èyí, torí ẹnì kan lè wà nínú méjèèjì.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni dídín àwòrán kù sí 224 × 224. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Lórí Lumisys, ọ̀kan nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ya fíìmù wọ̀nyí sínú kọ̀ǹpútà, píksẹ́lì kan jẹ́ 0.05 mm, nítorí náà hóró kálísíọ́mù tó jẹ́ 0.3 mm gba píksẹ́lì 6. Bí àwòrán bá ga tó 4,800, tí ẹ wá sọ ọ́ di 224, ẹ ti fi nǹkan bíi 21 pín in. Hóró yẹn ò tó ìdá kan nínú mẹ́ta píksẹ́lì kan mọ́. Tí wọ́n bá ti ro èlùbọ́ di àmàlà tán, ta ló tún fẹ́ rí hóró rẹ̀? Ẹ gé e sí 512 × 512 láìdín in kù, kí ẹ fi mask yan ibi tí ẹ máa gé.

Nínú BI-RADS, ìwọ̀n tí dókítà fi ń sọ bí ohun tó rí nínú ọmú ṣe léwu tó, 0 kì í ṣe èyí tó rọjú jù. Àyẹ̀wò tí kò tíì parí ni. BENIGN_WITHOUT_CALLBACK náà, BENIGN (kì í ṣe jẹjẹrẹ) ni, ẹ da méjèèjì pọ̀. Kò sí ọmú tí ara rẹ̀ mọ́ láìní kókó tàbí hóró kálísíọ́mù nínú àwọn CSV yìí rárá, torí náà kọ̀ǹpútà yín ò lè sọ pé òun mọ̀ ọ́n.

Fíìmù àtijọ́ tí wọ́n yà sínú kọ̀ǹpútà sì ni gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú etí funfun àti àmì lẹ́tà lára. Ẹ gé wọn kúrò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àmì ni ẹ̀rọ máa há sórí. Ẹni tó fẹ́ kó iṣẹ́ rẹ̀ wọ ilé ìwòsàn tí obìnrin dúdú pọ̀ sí, kó lọ dán an wò lórí EMBED, àkójọ mammogram mìíràn ti Emory University ní Atlanta: dígítà ni, obìnrin dúdú àti funfun sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba nínú rẹ̀. Ìdá 20 nínú 100 rẹ̀ ni wọ́n ṣí sílẹ̀ fún olùwádìí, ẹ ó sì kọ́kọ́ kọ fọ́ọ̀mù.