Ọdún kan ní Yàrá 14: àgbéyẹ̀wò họ́sítẹ́ẹ̀lì tí mo gbé ní Ifẹ̀

Àná ni wọ́n ka ₦5,000 sí mi lọ́wọ́ dípò ₦20,000, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí. Mi ò ní dárúkọ ilé náà. Apá Parakin ló wà, ẹni tó bá sì ń wá ilé fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì, kó fara balẹ̀ kà á.

Owó kọ́ṣọ̀n ni. Gbogbo wa la máa ń san án kí wọ́n tó fún wa ní kọ́kọ́rọ́. Wọ́n á ní bí o bá ń kó jáde, tí nǹkan kan ò bàjẹ́, o máa gba owó ẹ padà. Èmi ò tilẹ̀ kúrò nínú ilé o, yàrá 14 nísàlẹ̀ ni mo ti ń kó lọ sí 22 lókè. Mánéjà ní kí n wá sí ọ́fíìsì. Ó mú bírò, ó kọ ₦9,000 fún ọwọ́ ilẹ̀kùn, ó kọ ₦6,000 fún ọ̀dà ara ògiri. Mo ní, "Mà, ọwọ́ ilẹ̀kùn yẹn ti ṣẹ́ kí n tó dé o." Mo ṣí fóònù, mo fi àwòrán hàn án: ọwọ́ ilẹ̀kùn tí ẹnì kan fi téèpù dúdú wé, àpótí mi tí mi ò tíì tú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọjọ́ tí mo yà á sì hàn gbangba lókè. Kò tiẹ̀ gbà á lọ́wọ́ mi. "Ìwé la fi ń ṣiṣẹ́ níbí, a kì í fi fóònù ṣiṣẹ́." Ó fa fọ́ọ̀mù mi yọ nínú fáìlì, ó fi èékánná tẹ ibi tí mo buwọ́ lù, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé gbogbo nǹkan inú yàrá ló pé, tó sì dára. "Ṣé ìwọ kọ́ lo fọwọ́ sí i ni?"

Èmi ni. Lọ́jọ́ náà, ìdájí lèmi àti màmá mi ti kúrò ní Abẹ́òkúta, ẹrù wa wà nílẹ̀ nínú oòrùn, akọ̀wé sì ní bí mi ò bá fọwọ́ sí i, kò sí kọ́kọ́rọ́. Ọmọ ọdún 17 ni mí nígbà náà. Mi ò mọ̀ pé èèyàn lè kọ àléébù yàrá sẹ́yìn fọ́ọ̀mù kó tó buwọ́ lù ú. Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀, ẹ kọ ọ́. Ẹ ṣí ẹ̀rọ omi, ẹ ti fèrèsé wò, ẹ tẹ gbogbo súwíìṣì, kí ẹ tó fọwọ́ kan bírò ẹnikẹ́ni.

Omi ń yọ láàárọ̀ àti lálẹ́. Iná sólà kì í kọjá aago mẹ́wàá. Yàrá ò fẹ̀, àmọ́ ó gba bẹ́ẹ̀dì àti tábìlì.

Ohun tó jẹ́ kó dùn mí tó bẹ́ẹ̀ ni pé inú ilé yìí náà ni wọ́n ti gbà mí là lọ́dún tó kọjá. Kì í ṣe ọ́fíìsì. Bàbá tó ń ṣọ́ géètì ni.

Sẹ̀mẹ́sítà Ọyẹ́ (bí ilé-ìwé ṣe ń pe ti àkọ́kọ́ nìyẹn, èkejì ni ti Òjò), mo fojú winá. Nílé, màmá mi ló ń jí mi. Ní Ifẹ̀, bí mo bá máa fi jí, tí mo wọ mọ́tò dé inú ọgbà, kíláàsì MTH 101 á ti kún, ẹ̀yìn pátápátá ni màá jókòó sí, mi ò sì ní rí ojú pátákó. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni mò ń mu gààrí, torí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ owó oúnjẹ ná títí oṣù á fi parí. Tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́, mo gba 9 nínú 30. Mo jókòó sí iwájú yàrá mi, mo ń sunkún.

Bàbá ò rọ̀ mí. Wọ́n bi mí ní aago kíláàsì mi lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Láti ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, aago 5:30 ìdájí, kọ̀, kọ̀, kọ̀ lára fèrèsé: "Ọmọ Ẹ̀gbá, ilẹ̀ ti mọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ o!" Orúkọ yẹn ni wọ́n ṣì ń pe ilé-ìwé wa, bẹ́ẹ̀ láti 1987 ni wọ́n ti fi orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè é. Wọ́n ní èyí tó ti mọ́ àwọn lẹ́nu láti kékeré nìyẹn.

Ìwé tí wọ́n ń kọ nǹkan sí yẹn, fọ́tìlífù ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, wọ́n fi okùn pupa so bírò mọ́ ọn. Bí aago mẹ́wàá alẹ́ bá lù, wọ́n á kọ nọ́ńbà yàrá ẹni tí kò tíì wọlé. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo pẹ́ ní ilé ìkàwé Hezekiah Oluwasanmi, mi ò sì tètè rí mọ́tò. Ìkóríta ni mo ti bá wọn, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, ìwé lábíyá. Wọ́n tan iná sójú ewé náà: "14 kò tíì dé." Wọ́n fa igi lé e níwájú mi, a jọ rìn wọlé, wọn ò bá mi wí.

Àná, nígbà tí ohùn mi lọ sókè lọ́fíìsì, Bàbá wọlé. Wọ́n yọ ìwé ti ọdún tó kọjá nínú ọ̀rá, wọ́n ṣí i sórí tábìlì. Ọjọ́ tí mo dé gan-an: "Yàrá 14, ọmọ tuntun láti Abẹ́òkúta. Ọwọ́ ilẹ̀kùn ti ṣẹ́. Mo ti sọ fún ọ́fíìsì." Mánéjà pa ìwé náà dé. "Bàbá, iṣẹ́ géètì la gbà yín fún."

Ẹni tó tó bàbá tó bí i lọ́mọ! Owó yẹn dùn mí, àmọ́ èyí dùn mí jù ú lọ. Bàbá kàn ká ìwé wọn, wọ́n ní "ó dáa," wọ́n jáde.

Máàkì tí mo fún ilé náà: 4 nínú 5. Mo ti sanwó ọdún kejì. Lálẹ́ àná, Bàbá gun òkè wá pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, wọ́n ṣí ẹ̀rọ omi yàrá 22, wọ́n fọwọ́ ra ara fèrèsé, wọ́n sì jókòó sórí àpótí mi láti kọ ọ́, bí èmi náà ṣe ń kọ tèmi sẹ́yìn fọ́ọ̀mù: "Yàrá 22. Nẹ́ẹ̀tì fèrèsé ti ya. Ọmọ Ẹ̀gbá ti kó dé."