“Dàbínù kì í ṣe ṣúgà mà”: ojú mi rí nǹkan lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń se oúnjẹ fún aláìsàn l'Ádó-Èkìtì

Èmi kì í kọ irú nǹkan báyìí. Télọ̀ tó ba aṣọ ìgbéyàwó àbúrò mi jẹ́ lọ́dún méjì sẹ́yìn, mi ò kọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tójú mi rí lọ́jọ́ Ọjọ́rú yẹn, inú mi ò lè gbà á, pàápàá báyìí tí inú ọ̀hún ò ju ẹyin adìẹ lọ mọ́.

Tísà ni mí, èdè Yorùbá ni mò ń kọ́ wọn ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan l'Ádó. Kílò 131 ni mo wọ̀n kí n tó lọ ṣe bypass l'Ékòó. Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: wọ́n á gé orí àpò oúnjẹ inú ikùn sọ́tọ̀ díẹ̀, bí ẹyin adìẹ, wọ́n á sì so ó mọ́ ìfun tààrà, kí oúnjẹ má gba inú àpò ńlá kọjá mọ́. Iṣẹ́ abẹ náà ò le tó bí mo ṣe rò. Lọ́jọ́ kejì mo ti ń rìn nínú wọ́ọ̀dù. Àtibọ̀ sílé ló le. Èkìtì lẹ bọ̀ wá, ẹ rántí. Ẹni tó bá lọ kí ènìyàn nílé, tí wọ́n gbé iyán síwájú rẹ̀, tó jẹ òkèlè mẹ́ta tó ní òun ti yó, ó ti bú onílé náà nìyẹn.

Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ l'Ákùúrẹ́, ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń wálé. Èmi náà, aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ mo ti kúrò nílé. Ta ló fẹ́ máa lọ ẹja ní bíláńdà láago márùn-ún ìdájí? Nọ́ọ̀sì kan ló júwe olóúnjẹ yìí fún mi. Wọ́n ń se oúnjẹ fún àwọn onítọ̀ ṣúgà, àwọn tí rọpárọsẹ̀ ṣe, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ààbọ̀ náírà lójúmọ́: abọ́ oníke kéékèèké mẹ́ta, àti ẹ̀kọ nínú fúláàsì láago mẹ́wàá. Ọ̀sẹ̀ kẹrin tí mo ṣe iṣẹ́ abẹ ni mo bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Mo ya fọ́tò ìwé tí wọ́n fún mi l'Ékòó, ojú ìwé méjì gbáko, mo fi ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp. Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ohun tó ní purotéènì ni kí n kọ́kọ́ jẹ, kí n gbìyànjú kó tó gíráàmù 60 lójúmọ́. Kí n má mu omi pọ̀ mọ́ oúnjẹ, ó di lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kí oúnjẹ rọ̀ bí ti ọmọ tí wọ́n ń já lẹ́nu ọmú. Kí n má fẹnu kan ṣúgà, màlíìtì, tàbí ohunkóhun tó bá dùn lẹ́nu. Mo tún fi báírò pupa fa ìlà sábẹ́ ti ṣúgà. Ọmọbìnrin tó ń gbé fóònù wọn dá mi lóhùn pé, “A ti rí i mà.”

Kí n má parọ́ mọ́ wọn, ọjọ́ mẹ́wàá àkọ́kọ́, mò ń yìn wọ́n fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́. Ẹja àrọ̀ wọn! Wọ́n á yọ egungun rẹ̀ tónítóní, wọ́n á gún un pọ̀ mọ́ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ pẹ̀lú ata rodo ẹyọ kan péré, títí yóò fi dì bí gbẹ̀gìrì àná. Ṣíbí márùn-ún, ó ti tó mi, mo sì mọ̀ pé mo jẹ oúnjẹ ènìyàn, kì í ṣe lẹ́búlẹ́bú inú agolo tí wọ́n tà fún mi l'Ékòó lówó gọbọi.

Ó wá di Ọjọ́rú.

Ọmọkùnrin ọlọ́kadà wọn gbé fúláàsì dé nígbà ìsinmi ráńpẹ́. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ gàdàgbà-gadagba: TÍSÀ, Ẹ̀KỌ ÀTI SÓYÀ, KÒ SÍ ṢÚGÀ. Ẹ̀kọ náà máa ń kan díẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ yìí, ṣíbí àkọ́kọ́, mo ní háà, ó mà dùn o. Mo rò pé sóyà ni wọ́n fi kún un. Agogo ti lù, mo ní kíláàsì, mo bá gbé ife, mo mu ún bí ẹni ń mu omi. Ìyẹn, ẹ̀bi tèmi ni, mo gbà. Díẹ̀díẹ̀ ni ìwé wí.

SS2 ni mo wà, mò ń kọ àpẹẹrẹ kẹta ti gbólóhùn oníbọ̀ sójú pátákó, nígbà tí ṣọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ mi. Òógùn ló kọ́kọ́ dé, èyí tó tutù, tó ń ti abẹ́ gèlé ṣàn wá sí ọrùn. Àyà mi wá ń lù kìkìkì. Inú mi lọ́ mọ́ra bí aṣọ tí wọ́n ń fún omi rẹ̀. Ilé ìyàgbẹ́ ń pè mí kíkankíkan, ẹsẹ̀ ò sì gbé mi. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn ọmọ. Wọ́n ń fi ìwé fẹ́ mi, ọ̀kan ti sáré lọ pe igbákejì ọ̀gá.

Igbákejì ọ̀gá dé tòun ti màlíìtì tútù. “Ẹ mu ún, ṣúgà yín ló wálẹ̀!” Tísà bàọ́lọ́jì gbé gúlúkóòsì dé. Mò ń mi orí, ohùn ò jáde, wọ́n sì ń bínú pé mi ò fẹ́ kí wọ́n gbà mí là. Akọ̀wé ilé ẹ̀kọ́ ti ń de ẹ̀mí ìyá ẹnì kan tí kò dárúkọ. Ká ní mo mu màlíìtì yẹn ni, bóyá orí bẹ́ǹṣì ni ẹ ò bá ti wá gbé mi.

Dumping làwọn dọ́kítà ń pè é. Tẹ́lẹ̀, àpò oúnjẹ ni ó máa ń dá ohun dídùn dúró, á máa tú u sílẹ̀ ní ìwọ̀nba. Ẹni tó bá ti ṣe bypass, ṣúgà á já lu ìfun lẹ́ẹ̀kan náà, ìfun á sì fa omi ara wá pàdé rẹ̀. Ohun tó ń fa inú lílọ́ àti àyà lílù nìyẹn. Kò pa mí. Lẹ́yìn bíi wákàtí kan mo ti dìde. Ṣùgbọ́n ẹ bi mí, kí làwọn ọmọ SS2 ń pè mí láti ìgbà náà? Mi ò ní kọ ọ́ síbí.

Mo pe olóúnjẹ.

“Kí lẹ fi sínú ẹ̀kọ mi?”

“Ẹ̀kọ àti sóyà ni mà.”

“Kí ló mú un dùn?”

Ó dákẹ́. “Áà. Dàbínù ni mà. Ọ̀gá ní ká máa lọ̀ ọ́ sí i báyìí, ó ń fún ara lókun.”

“Ṣé ẹ ò ka ìwé tí mo fi ránṣẹ́ ni? Mo ní mi ò gbọ́dọ̀ fẹnu kan ṣúgà.”

“Dàbínù kì í ṣe ṣúgà mà. Èso ni. Àwọn wòlíì pàápàá jẹ ẹ́.”

Ẹ jọ̀ọ́, dàbínù gbígbẹ, ju ìdajì rẹ̀ lọ ló jẹ́ ṣúgà. Wòlíì tó jẹ ẹ́ kò ṣe bypass.

Mo ní kó fún mi ní ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá lọ sí Ọjà Bísí. Lẹ́yìn wákàtí kan, ọ̀gá ṣì wà ní Ọjà Bísí. Nígbà kẹta, ọ̀gá ń sùn. Nígbà kẹrin, ẹlòmíràn ló gbé e, ohùn àgbàlagbà, ó ní “Ta nìyẹn?” Mo dárúkọ, fóònù kú. Nírọ̀lẹ́ wọ́n fi “Ẹ má bínú mà” ránṣẹ́ pẹ̀lú àwòrán ọwọ́ méjì tí wọ́n pa pọ̀. Lábẹ́ rẹ̀ gan-an ni wọ́n fi àkójọ oúnjẹ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ sí. Èyí tó wà lókè pátápátá ni ẹ̀kọ onídàbínù. Mo ju fóònù sórí àga.

Ọmọkùnrin ọlọ́kadà nìkan ló tọrọ àforíjì bí ọmọ ènìyàn. Ó wá gba fúláàsì, ó bi mí kí ló dé tí ojú mi fi rí báyìí, mo sọ fún un, ó sì dọ̀bálẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì iwájú ọ́fíìsì wa tòun ti àṣíborí lórí. “Mọ̀mí, ẹ má bínú. Màá sọ fún wọn lójúkojú.” Ó sì sọ ọ́, nítorí lọ́jọ́ kejì, bí aago méje alẹ́, mo gbọ́ “Àgò onílé o” lẹ́nu ọ̀nà mi ní Bàsírì.

Ọ̀gá wọn ló dé. Mo ti to èébú sílẹ̀ de obìnrin náà. Àṣé ó jù mí lọ ní bí ọdún mẹ́wàá. Ó ń fẹ́ kúnlẹ̀, mo sáré dì í mú. Ó ti tẹ ìwé ojú méjì náà jáde, ó ká a sínú ọ̀rá, ó nà án sí mi.

“Tísà, ẹ má bínú. Ọmọ yẹn ní òun kà á. Èmi ò gbọ́ òyìnbó tó èyí. Ẹ kà á fún mi.”

Èébú mi gbẹ mọ́ mi lẹ́nu. Mo jókòó, mo ń sọ ọ́ di Yorùbá fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọdún 22 ni mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ léyìí, kò tíì sí kíláàsì tó gbọ́ mi tó báyẹn. Ó sì ń bi mí ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni ò bi mí rí l'Ékòó. Ẹ̀wà tí wọ́n bó èèpo rẹ̀ àbí aláwọ̀? Ṣé ọbẹ̀ tó ṣàn náà jẹ́ omi? Ta ló máa ń wà lọ́dọ̀ mi nílé tí mo bá ń jẹun? Ó wá bu mọ́ín-mọ́ín tó gbé wá síwájú mi, ó ní kí n jẹ ẹ́ lójú òun. Ó ń fi ìka ka iye ìgbà tí mò ń rún ṣíbí kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó di ṣíbí kẹfà, ó fa abọ́ náà kúrò.

“Ó ti tó. Imú yín ti ń ṣomi.”

Òótọ́ ni! Láti ọjọ́ yìí mo ti mọ̀ pé bí mo bá ti fẹ́ yó, imú mi á kọ́kọ́ ṣomi. Èmi tí mo ni imú ò kíyè sí i.

Ọ̀rọ̀ wá yí padà láàárín wa. Agolo tòmátò tó kéré jù lọ ni wọ́n ń fi se mọ́ín-mọ́ín tèmi báyìí, ẹyọ kan ni oúnjẹ ọ̀sán. Ẹyin wà nínú rẹ̀, ẹja wà nínú rẹ̀. Ẹ̀kọ tún ti ń kan. Èyí tí mi ò ní gbàgbé ni ti ìrántí bàbá wa ní Ìkọ̀lé, oṣù kẹrin lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Mo sọ fún un pé ẹ̀rù ń bà mí, nítorí ìyá mi ti ń bi mí lórí fóònù ṣé wọ́n ti fún mi ní nǹkan jẹ l'Ékòó ni. Ó ní kí n má sọ̀rọ̀ mọ́. Ó gún iyán kan fún mi, ó rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kò ju ẹyin lọ, ó fi sínú abọ́ tánńganran tó jinnú, oníderí, ó da ẹ̀gúsí elẹ́ja bò ó mọ́lẹ̀ dé ẹnu. Bí ènìyàn bá wo abọ́ náà, abọ́ àgbà ni. Mo jókòó láàárín àwọn ẹbí, mò ń gé òkèlè tó tó hóró ẹ̀wà, mò ń rún un (ẹ jọ̀wọ́, èmi, mò ń rún iyán!), torí iyán tí ènìyàn bá gbé mì lódidi lè há sí irú ikùn tèmi yìí. Ìyá mi ń wò mí. Mo jẹ òkèlè méje. Ó ní, “Ẹ wò ó, ó ń jẹ uyán o jàre,” ó sì dìde lọ bá àwọn àlejò rẹ̀.

Nígbà tí mo délé, mo sunkún.

Ó ku àwọn nǹkan tó ń bí mi nínú. Ọjọ́ Jímọ̀, oúnjẹ ọ̀sán ò lè dé kó tó di aago mẹ́ta, ojo rọ̀ o, ojo ò rọ̀ o. Ọmọbìnrin orí fóònù ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tí irun mi ń já ní oṣù kẹrin, ó fẹ́ ta òróró ìpara ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà fún mi. Ẹni tó bá fọn lójijì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, irun rẹ̀ á máa já fún ìgbà díẹ̀, á sì tún hù. Purotéènì àti fítámì ló fẹ́, kì í ṣe òróró. Ó tún ní mo gbé fúláàsì wọn kan pa mọ́. Èmi? Fúláàsì tí ìdérí rẹ̀ ń jò?

Paríparí rẹ̀, owó ọjọ́ dàbínù, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ààbọ̀ náírà, wọn ò dá a padà. Mo bi ọ̀gá léèmejì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní “Ẹ̀yin náà, Tísà,” ó fi mọ́ín-mọ́ín méjì kún un. Mọ́ín-mọ́ín ò mú ìtìjú tí mo rí lójú àwọn ọmọ SS2 kúrò.

Kílò 102 ni mo wà báyìí, oṣù kẹfà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Ọjọ́ tí wọ́n bá san owó mi, màá wá tún un ṣe. Ti ọ̀la, mọ́ín-mọ́ín kan, ẹja àrọ̀ àti ẹ̀kọ kíkan ni mo ti ní kí wọ́n gbé wá, mo sì ti ní kí wọ́n rán ọmọkùnrin ọlọ́kadà yẹn gan-an.