Ọdún kan ààbọ̀ pẹ̀lú Syncthing: orin kan náà lórí kọ̀ǹpútà méjì

Orin ni mo fi ń jẹun. Mo ń gbé ẹ̀rọ lọ sóde àríyá, mo sì ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nítòsí Tákíé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Dẹ́sítọ́ọ̀pù tó ń lo Windows wà ní ṣọ́ọ̀bù. Láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kan tí ọmọ LAUTECH bá mi fi Ubuntu sí (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows) ni mò ń gbé lọ sóde. Àpàlà, sákárà, jùjú, fújì, ìjálá: fáìlì wọn lé ní 11,000.

Fíláàṣì ni mo fi ń kó wọn kiri tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ṣe é rí mọ ìyà ibẹ̀. Orin kan á di mẹ́ta. Èyí tí mo ti tún orúkọ rẹ̀ kọ níbí ṣì ń jẹ́ "Track 04" lọ́hùn-ún. Ìyàwó á ti máa jó bọ̀, orin tí wọ́n bèèrè á wà ní ṣọ́ọ̀bù.

Syncthing ló gbà mí: ètò kọ̀ǹpútà ni, tó ń mú kí fódà kan rí bákan náà lórí kọ̀ǹpútà méjì. Ọ̀fẹ́ ni. Jakob Borg ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2013, kóòdù rẹ̀ sì wà ní gbangba fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nípa rẹ̀ ni pé kì í kó orin mi lọ pamọ́ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kankan. Kọ̀ǹpútà méjèèjì ló ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ tààrà. Ráútà kékeré kan ni mo rà, n kò fi dátà sí i rárá. Mo so méjèèjì mọ́ ọn, orin ń lọ, orin ń bọ̀, kọ́bọ̀ dátà kò jáde lápò mi. Bí iná bá sì lọ lójijì, kì í bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nígbà tí iná bá dé, torí pé ńṣe ló ń gé fáìlì wẹ́wẹ́ kó tó gbé e. Ègé tó bá ti dé, ó ti dé nìyẹn.

Inú búráúsà lèèyàn ti ń darí rẹ̀, ní àdírẹ́sì 127.0.0.1:8384. Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ní Device ID tirẹ̀, ìyẹn àmì ìdánimọ̀ rẹ̀, ó gùn bí òpó, ṣùgbọ́n bí méjèèjì bá wà lórí ráútà kan náà, wọ́n á rí ara wọn, ẹ ò ní í tẹ̀ ẹ́. Àmì ohùn tí mo fi sórí orúkọ orin dé pé pérépéré. Àmì ìbéèrè ni kò gbà: Ubuntu gbà á nínú orúkọ fáìlì, Windows kò gbà á, nítorí náà fáìlì tó bá ní in kò ní í kọjá àfi tí mo bá yọ ọ́.

Oṣù kẹta ni ojú mi là. Àbúrò mi obìnrin ń lọ sílé ọkọ, ó sun ẹkún ìyàwó láàárọ̀ ọjọ́ náà, àwọn ìyá ilé wa dúró tì í. Èmi fúnra mi ni mo gbà á sílẹ̀, fáìlì 14. Lọ́jọ́ kan tí àyè há lórí láptọ́ọ̀pù, mo pa fódà náà rẹ́, mo ní ó ṣáà wà ní ṣọ́ọ̀bù. Mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo tan láptọ́ọ̀pù, kí n tó jókòó dáadáa, dẹ́sítọ́ọ̀pù náà ti pa tirẹ̀ rẹ́. Mo ṣí Recycle Bin, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Márùn-ún tí mo ti fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi lórí WhatsApp nìkan la rí. Ohùn ìyá wa àgbà tó ń tún ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu wà nínú mẹ́sàn-án tó lọ.

N kò dá Syncthing lẹ́bi. Iṣẹ́ tí mo rán an ló jẹ́: kí ibí àti ọ̀hún rí bákan náà. Èmi ni mo rò pé ó ń bá mi tọ́jú orin. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó gbé orin kan ṣoṣo sínú rẹ̀, ẹ lọ sí File Versioning nínú ètò fódà yín, ibẹ̀ lẹ ti ń ní kó máa tọ́jú ẹ̀dà àtijọ́. Trash Can ni mo yàn, ọjọ́ 90. Kí ẹ sì ṣe é lórí kọ̀ǹpútà méjèèjì, nítorí kì í tọ́jú ohun tí ẹ fọwọ́ ara yín pa rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tí ẹ wà. Èyí tí àṣẹ rẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ èkejì nìkan ló ń gbé sínú fódà .stversions. Lẹ́yìn ìyẹn náà, mo ra háàdì-dísìkì kan tó ń gbé nílé, kò sí nínú Syncthing rárá, oṣooṣù ni mò ń da orin sí i.

Iye ìgbà tí mo ti gbọ́ orin kan kì í tẹ̀ lé e kọjá, inú ètò tí mo fi ń gbọ́ orin ni ìyẹn ń gbé. Lísìtì orin ló dà mí láàmú jù. Èyí tí mo tò lórí Windows ń wá orin ní C:, Ubuntu kò sì mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo kó àwọn lísìtì sínú fódà orin gan-an, mo jẹ́ kí wọ́n máa ka ọ̀nà láti ibẹ̀, mo yí ìlà ọ̀nà tó dà sẹ́yìn (\) sí èyí tó dà síwájú (/), mo sì ń fi wọ́n pamọ́ bí .m3u8, irú fáìlì lísìtì orin kan, kí àmì ohùn má baà bàjẹ́. Láti ìgbà náà, lísìtì tí mo bá tò ní ṣọ́ọ̀bù lálẹ́ Fráídé ni mò ń ṣí lóde lọ́jọ́ Sátidé, gbogbo orin inú rẹ̀ ló sì ń dáhùn.