Ráìsì kì í ṣe ẹja: páìpù tí mo rì sí oko fàdámà mi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbin ráìsì lẹ́ẹ̀rùn bíi tèmi, tí owó epo pọ́ǹpù ń jẹ yín lẹ́ran, ọ̀rọ̀ yín ni mo gbé dé yìí o. Oko fàdámà mi, ilẹ̀ àbàtà etí odò, wà létí odò Galma ní Zaria níbí, tẹ́lẹ̀, bí mi ò bá ti rí omi lójú ilẹ̀ àyà mi á já, mo ti tan pọ́ǹpù nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Sabo ló ní ráìsì kì í ṣe ẹja, kò dìgbà tó bá ń wà nínú omi ní gbogbo ìgbà, páìpù ni kí n fi máa wo omi abẹ́ ilẹ̀ kí n tó tan pọ́ǹpù.

Páìpù PVC oní-ínṣì mẹ́rin lásán ni mo rà. Odindi ẹ̀ gùn ní mítà 6, tẹ́ ẹ bá gé e ní 30 sẹ̀ǹtímítà, 20 ló máa bọ́ síbẹ̀, mo mú mẹ́ta, mo pín ìyókù. Ẹ lu ihò wẹ́ẹ́rẹ́ yí ìdajì ìsàlẹ̀ ká, ẹ rì í dé ìdajì, ẹ bu ẹrẹ̀ inú ẹ̀ dànù, omi abẹ́ ilẹ̀ á wá máa hàn nínú ẹ̀. Tí omi bá ti lọ sílẹ̀ tó 15 sẹ̀ǹtímítà sí ojú ilẹ̀, ẹ fa omi kó ga tó 5 sẹ̀ǹtímítà lójú ilẹ̀, ẹ pa pọ́ǹpù, ẹ máa lọlé. Àwọn IRRI, iléeṣẹ́ ìwádìí ráìsì lágbàáyé tó wà ní Philippines, ní ó lè dín omi kù tó ìdá 30 nínú 100. Èmi tí mò ń fa omi lọ́jọ́ mẹ́ta-mẹ́ta, ó di márùn-ún, mẹ́fà nígbà míì, ráìsì ò sì rọ.

Àmọ́ ẹni tó bá mi lu ihò! Ihò tó gba àtàǹpàkò ló lu, ẹrẹ̀ kún inú ẹ̀, mo rò pé omi ti gbẹ, mo jó epo lásán. Mo padà lọ bá a, ó fi Hausa dá mi lóhùn pé ihò ni mo ní kó lu, ó sì lu ihò.

Koríko náà ńkọ́? Omi ló ń pa á, ẹ jẹ́ kó tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá lọ́ ráìsì kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí omi lọ sílẹ̀. Tí ráìsì bá fẹ́ tanná, ẹ má dán an wò rárá, omi gbọ́dọ̀ wà. Ilẹ̀ oníyanrìn, ẹ má wulẹ̀ náwó.

Màlámù tó ń gbin àlìkámà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fẹ́ gba ọ̀kan, mo ní àlìkámà kì í gbé inú omi, kó tiẹ̀ gbìn ín sáàárín kùkùté ráìsì láìkọ ilẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe ní India, owó tirákítọ̀ á dín kù. Ó ní oko téèyàn ò kọ, oko ọ̀lẹ ni.

Ní ti páìpù yìí, máàkì mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Méjì ló kù lóko báyìí, àwọn ọmọ kan ti fa ọ̀kan yọ, wọ́n ń fọn ọ́n kiri, wọ́n ní kàkàkí Ẹ́míà ni.