Léètì kékeré orí tábìlì: ohun tí ojú mi rí lára rẹ̀ ní Kétu

Ẹ̀yin tí ẹ ń tún ẹ̀rọ ṣe, léètì kékeré tí wọ́n ń kó wá láti Ṣáínà, ẹ̀rọ tó ń yí irin kí ọ̀bẹ lè gé e, ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹ̀rọ ìlọta, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ àti alùpùpù àwọn sẹ́mìjàn, àwọn ọlọ́kadà wa, ni èmi ń tún ṣe ní Kétu níbí, ní orílẹ̀-èdè Benin. Iṣẹ́ yẹn ni mo fi dán léètì yìí wò. Ìdájọ́ mi rèé kí ẹ má bàa wá a títí: ẹ̀rọ dáadáa ni, ó sì ń pa owó wọlé, àmọ́ bó ṣe jáde nínú àpótí kọ́ ló ṣe é lò. Ẹni tí kò bá ní sùúrù láti tò ó, tí kò sì ní ohun ìwọ̀n tó ṣe é gbọ́kàn lé, kó má tíì fọwọ́ kan owó rẹ̀.

Tèmi wúwo tó nǹkan bíi 40 kílò. Èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi la jọ gbé e sórí tábìlì. Irin tí fífẹ̀ rẹ̀ tó 180 mìlímítà lè yí lókè bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ìyẹn irin gígùn tí gbogbo rẹ̀ jókòó lé, àyè tó wà láàárín orí rẹ̀ tó ń di irin mú tó sì ń yí i, àti ìrù rẹ̀ tó ń ti irin lápá kejì, sì jẹ́ 350 mìlímítà. Ihò 20 mìlímítà la orí rẹ̀ já, kí ọ̀pá gígùn tí kò nípọn lè gba ẹ̀yìn wọlé. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 550 wáàtì. Iná ilé lásán, 220 fóltì, ló ń lò, ìyẹn gan-an ló sì jẹ́ kí n yàn án. Nígbà tó fi máa dé Kétu láti èbúté Kútọnu, ó ti gbà tó 600,000 sẹ́fà lọ́wọ́ mi. Ẹ fi owó ohun ìwọ̀n, ọ̀bẹ àti sítábíláísà tó ń mú iná dúró déédéé kún un, torí iná máa ń rẹ̀ sílẹ̀ nírọ̀lẹ́, bọ́ọ̀dù tó ń darí eré ẹ́ńjìnnì náà kò sì fẹ́ràn ìyẹn rárá.

Tẹ́lẹ̀, bí ọ̀pá ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ bá jẹ, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) la ń gbé e lọ. Ẹ̀gẹ́ tí àwọn ìyá ti bó sílẹ̀ kò lè dúró de ọ̀pá tó wà lọ́nà. Ó máa ń dùn mí gan-an nígbà tí ìyá kan bá wá dúró ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, tí ó ń bi mí pé, "Ọmọ mi, ọjọ́ wo ló ń bọ̀?" tí n kò sì ní èsì kan tí mo lè fún un.

Ẹ jẹ́ ká sọ nípa títò rẹ̀, ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Gírísì pupa kan tó ki pọ̀pọ̀ ni wọ́n fi bo gbogbo ara rẹ̀ kí ó má bàa dípẹtà lójú òkun. Gírísì ìpamọ́ ni, kì í ṣe èyí tí ẹ̀rọ ń fi ṣiṣẹ́. Ẹ tú u, ẹ fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ẹ wo abẹ́ gbogbo ibi tó ń yọ̀, nítorí iyanrìn ìdà-irin àti èérún irin wà níbẹ̀ tí yóò máa jẹ bẹ́ẹ̀dì yín. Lẹ́yìn náà, ẹ fún àwọn irin pẹlẹbẹ tó há sáàárín ibi tó ń yọ̀ títí tí mímì yóò fi tán, síbẹ̀ kí ọwọ́ lè yí i láìlekoko.

Ìdánwò tó ṣe pàtàkì jù nìyí. Ẹ di ọ̀pá irin 30 mìlímítà mú ní orí, ẹ má fi ìrù tì í. Ẹ gé àárín rẹ̀ sílẹ̀ kó lè ku òrùka méjì, ọ̀kan nítòsí orí, èkejì ní 100 mìlímítà sí i. Ẹ wá fi ọ̀bẹ tó mú gba ojú méjèèjì díẹ̀díẹ̀, láìfọwọ́ kan ọwọ́ ìdarí ọ̀bẹ. Ẹ fi maikirómítà, ohun ìwọ̀n tó ń rí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà, wọ̀n wọ́n. Tèmi, òrùka tó jìnnà fi 0.06 mìlímítà tóbi ju èyí tó súnmọ́ orí lọ. Ìyẹn ni pé orí ẹ̀rọ náà kò bá bẹ́ẹ̀dì dọ́gba. Mo tú bóòtù tó de orí mọ́ bẹ́ẹ̀dì, mo fi òòlù igi gbá a jẹ́jẹ́, mo tún un dè, mo tún gé, mo tún wọ̀n, títí ó fi bọ́ sí 0.01.

Ẹlòmíì á ní kí ni 0.06 já mọ́? Bẹ́árìn 6204 tó wọ́pọ̀ lára ẹ̀rọ wa, ihò inú rẹ̀ jẹ́ 20 mìlímítà géérégé. Bí ọ̀pá bá tóbi lápá kan tó sì kéré lápá kejì, apá kan ṣoṣo ni bẹ́árìn á dì mú, apá kejì á máa mì. Tó bá pẹ́ díẹ̀, inú bẹ́árìn á máa yí lórí ọ̀pá, ibẹ̀ á gbóná, ọ̀pá á jẹ, ìyá oníbàárà á sì sọ pé iṣẹ́ yín kò dáa. Òótọ́ ló sọ.

Ọ̀bẹ tí wọ́n kó sínú àpótí kò wúlò fún mi, etí wọn ti kú. Bàbá oníléètì kan ní Àjàṣẹ́ ló kọ́ mi bí a ṣe ń pọ́n ọ̀bẹ irin líle fúnra ẹni, tí abẹ́ rẹ̀ fi máa dẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀ kó má bàa fara ra iṣẹ́. Bàbá ní, "Ọ̀bẹ tí kò mú ló ń mú ẹ̀rọ sunkún." Mo gbà fún wọn. Bí ọ̀bẹ bá mú, tí irin rírọ̀ 20 mìlímítà ń yí ní bíi 400 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan, ẹ ó rí i tí irin ń jáde bí okùn gígùn, tí ojú iṣẹ́ sì ń dán.

Agbára rẹ̀ ní ààlà. Bí mo bá gé jìn ju bó ti yẹ, ẹ́ńjìnnì á dúró, pàápàá tí eré bá lọ sílẹ̀, torí bí eré ṣe ń dínkù ni agbára rẹ̀ náà ń dínkù. Kí a fi ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ gé irin já pátápátá lórí rẹ̀, wàhálà ni. Ayùn irin ni mo ń lò.

Tẹ́ẹ̀dì, ìyẹn eyín tó yí ara bóòtù ká, ńkọ́? Ìtẹ̀síwájú ọ̀pá tó ń wọ́ ọ̀bẹ lọ ní ìyípo kan jẹ́ 1.5 mìlímítà, nítorí náà M10 (bóòtù 10 mìlímítà, tí tẹ́ẹ̀dì rẹ̀ náà jẹ́ 1.5) rọrùn, ibi yòówù tí ẹ bá ti so ọ̀bẹ mọ́ ọ̀pá náà, á bá ojú ọ̀nà rẹ̀. M8 tó jẹ́ 1.25 kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ má tú ọ̀bẹ kúrò lára ọ̀pá náà títí tẹ́ẹ̀dì yóò fi parí. Ẹ yí ẹ́ńjìnnì padà sẹ́yìn. Àwọn ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tó ń yí ẹ̀rọ ìlọ̀, tẹ́ẹ̀dì Whitworth ló wà lára ọ̀pọ̀ wọn, ìlànà tí Joseph Whitworth ará Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ ní 1841. Igun rẹ̀ jẹ́ dìgírì 55, ti mìlímítà jẹ́ 60, nítorí náà ọ̀bẹ ọ̀tọ̀ ni ẹ ó pọ́n. Ìnṣì ni wọ́n sì fi wọ̀n ọ́n, nítorí náà bí ẹ bá fẹ́ kó péye, ẹ nílò jíà eléyín 127, tí kò sí nínú èyí tí wọ́n kó wá. Oníke sì ni àwọn jíà yẹn, ẹ máa fọwọ́ pẹ̀lẹ́ mú wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi bùbá ọlọ́wọ́ gbọọrọ dúró tì í, ẹ má wọ ìbọ̀wọ́ tó bá ń yí, ẹ sì má fi kọ́kọ́rọ́ tí ẹ fi fún ẹnu tó ń di irin mú sílẹ̀ lára rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi kò gbọdọ̀ tan iná rẹ̀ láìwo ibẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́.

Ẹ̀gbọ́n kan ní Sábẹ̀ tó ń tún katakata ṣe bi mí bóyá kí òun náà ra irú rẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, rárá. Ọ̀pá tiyín gùn ju àyè rẹ̀ lọ." Fún wọn, léètì ńlá àlòkù láti Yúróòpù ló dáa, bí iná 380 fóltì bá wọ ṣọ́ọ̀bù wọn. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi ìka fọwọ́ ra bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ nítòsí orí, ibẹ̀ ló máa ń jẹ jù, kí wọ́n sì ní kí ẹni tó ń tà á gé òrùka méjì lójú wọn kí wọ́n tó sanwó.