Àyẹ̀wò Ilé Eré Kan ní Tanke, Níbi Tí Wọ́n Ti Ń Fi Ìṣirò Dá Ayé Tuntun

Ní Tanke, ní ìlú Ìlọrin, níbi tí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ tó ilé oúnjẹ, yàrá òkè kan wà tí iṣẹ́ tirẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Kò ní pátákó níta, wọn kò sì kọ orúkọ kankan sára ògiri rẹ̀. Ẹni tó bá béèrè ọ̀dọ̀ Àǹtí lọ́wọ́ àwọn tó ń ta káàdì lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n máa ń júwe fún. Eré tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ni èyí tí ènìyàn mẹ́rin sí mẹ́fà ń jókòó yí tábìlì ká, tí olúkúlùkù á gba ipò ẹnìkan nínú ìtàn ọjọ́ iwájú, bóyá awakọ̀ òfurufú, dókítà tàbí oníṣòwò, tí yóò máa sọ ohun tí ẹni náà fẹ́ ṣe, tí olùdarí eré yóò sì máa sọ ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti lè já sí méjì, wọ́n á ju dáìsì. ₦3,000 ni ẹnìkan ń san fún ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, owó náà sì kan ìwé, pẹ́ńsùlù àti omi tútù. N kò rò pé ó wọ́n.

Ohun tó mú kí n kọ àyẹ̀wò yìí ni àwọn ìwé ayé, ìyẹn ìwé tó ń ṣàpèjúwe ayé tí eré ti ń wáyé, tí Àǹtí, olùdarí eré, fúnra rẹ̀ ń ṣe, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ ojú ewé méjì péré. Olùkọ́ físíìsì ni ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà kan, ó sì hàn nínú iṣẹ́ rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ irú eré yìí, ẹni tó ń dá ayé tuntun a kàn máa kó ohun abàmì jọ: òkun pupa níbí, òṣùpá mẹ́ta lọ́hùn-ún, ẹranko olórí méjì láàárín, láìbéèrè bóyá ọ̀kan gba èkejì láàyè. Àǹtí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Orí ìràwọ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ohun tó bá sì kọ sílẹ̀ nípa ìràwọ̀ náà ni yóò pinnu bí ayé ṣe jìnnà sí i, bí ọdún ṣe gùn, bí ilẹ̀ ṣe gbóná àti irú ìgbé ayé tí ènìyàn lè gbé níbẹ̀, débi pé òun gan-an kò lè yí nǹkan kan padà kí àwọn yòókù má mì.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀kan yẹ̀ wò dáadáa. Ayé tí wọ́n gbé síwájú wa ń yí ìràwọ̀ pupa kékeré kan ká, èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ ìdá 30 nínú 100 ti oòrùn wa, ṣùgbọ́n tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò ju ìdá kan nínú 100 lọ. Bí ènìyàn bá jìnnà sí iná ní ìlọ́po méjì, ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ yóò di ìdá kan nínú mẹ́rin. Nítorí náà, ayé tó bá fẹ́ gba iye ìmọ́lẹ̀ tí tiwa ń gbà lọ́dọ̀ irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní nǹkan bí mílíọ̀nù 15 kìlómítà sí i, nígbà tí àwa wà ní nǹkan bí mílíọ̀nù 150 sí oòrùn. Láti ibẹ̀, òfin tí onímọ̀ ìràwọ̀ Johannes Kepler tẹ̀ jáde ní 1619 ló sọ gígùn ọdún: ọjọ́ 21. Ọmọ tí wọ́n bá bí níbẹ̀ yóò ti ṣe ọjọ́ ìbí mẹ́tàdínlógún kí tiwa tó ṣe ẹyọ kan. Ìwé náà tún sọ pé ayé yìí wọn ìdajì ayé wa, àti pé fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìdá 80 nínú 100 ti tiwa. Bí ẹ bá sọ 0.8 di ìlọ́po ara rẹ̀, tí ẹ sì fi èsì rẹ̀ pín 0.5, ohun tí yóò jáde ni 0.78, ìyẹn ni agbára òòfà ilẹ̀ ibẹ̀ tí a bá fi wé tiwa. Ẹni tó wọn kìlógíráàmù 70 ní Ìlọrin yóò máa rìn níbẹ̀ bí ẹni tó wọn 55. Mo fi fóònù ṣe ìṣirò náà lábẹ́ tábìlì, ó sì bára mu.

Ayé tó bá súnmọ́ ìràwọ̀ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ sábà máa ń kọ ojú kan ṣoṣo sí i, bí òṣùpá ṣe ń kọ ojú kan náà sí wa. Ìhà kan á máa gbóná títí, ìhà kejì á wà nínú òkùnkùn, àwọn ènìyàn á sì máa gbé ní agbègbè tóóró tó wà láàárín, níbi tí ìràwọ̀ náà ti fara ti ìsàlẹ̀ ojú ọ̀run láìkúrò. Irú ayé báyìí kì í ṣe àlá lásán. Ní 2016, àwọn onímọ̀ kéde ọ̀kan tó ń fi ọjọ́ 11 ó lé díẹ̀ yí Proxima Centauri ká, ìràwọ̀ tó súnmọ́ oòrùn wa jù lọ. Ní 2017, wọ́n kéde pé ayé méje ló ń yí TRAPPIST-1, ìràwọ̀ pupa kékeré mìíràn, ká.

Ibi tí iṣẹ́ Àǹtí ti dára jù ni pé ìṣirò náà kì í jókòó sínú ìwé, ó ń wọnú eré. Nígbà tí ọkọ̀ wa balẹ̀ sí abúlé kan, ó sọ fún wa pé kò sí ilé tó ní ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé tó kọjú sí ìhà òkùnkùn, kò sì ṣàlàyé. A ní láti ronú débẹ̀ fúnra wa: afẹ́fẹ́ gbígbóná ń lọ sókè ní ìhà ìmọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ tútù sì ń fẹ́ nísàlẹ̀ láti inú òkùnkùn wá rọ́pò rẹ̀, ní ojú kan náà, láìdúró. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀dọ́mọkùnrin tó jẹ́ awakọ̀ wa ní kí a fara pamọ́, kí a sùn, kí a sì gbéra tí ilẹ̀ bá mọ́.

“Ilẹ̀ ò ní í mọ́ o,” ni Àǹtí dá a lóhùn. “Ẹ padà sí ìwé yín.”

Gbogbo ète wa ló dàrú, nítorí pé orí òru ni a gbé e lé. Ẹlòmíràn wá béèrè, bí ọmọ Ìlọrin tòótọ́, pé báwo ni Mùsùlùmí ibẹ̀ yóò ṣe mọ àsìkò ìrun Mọ̀gàríbì níbi tí oòrùn kì í wọ̀. Àríyànjiyàn tó tẹ̀ lé e dùn ju ìjà tí a jà pẹ̀lú àwọn adigunjalè òfurufú lọ, Àǹtí sì ní làákàyè tó fi jẹ́ kí a jà á tán. Wọ́n fẹnu kò pé aago tí wọ́n gbé láti ilé ni wọn yóò máa tẹ̀ lé fún ìrun, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ mú wa dé orí òṣùpá, ibẹ̀ ni àbùkù ìwé náà sì ti hàn.

A kọ ọ́ síbẹ̀ pé ayé yìí ní òṣùpá kan tó jìnnà sí i bí tiwa ṣe jìnnà sí wa, ìyẹn nǹkan bí 384,000 kìlómítà. Kò ṣeé ṣe. Ayé kọ̀ọ̀kan ní ààlà tí òòfà rẹ̀ mọ, ohun tó bá sì ré ààlà náà kọjá ti di ti ìràwọ̀. Fún ayé wa, ààlà yìí tó mílíọ̀nù kan àbọ̀ kìlómítà. Fún èyí tó wà nínú ìwé, tó fúyẹ́ tó sì wà lẹ́nu ìràwọ̀ rẹ̀, 177,000 ni ohun tí mo rí nígbà tí mo ṣírò rẹ̀, òṣùpá kò sì lè dúró pẹ́ àfi bó bá wà nínú nǹkan bí ìdajì ìyẹn. Èyí tó bá tilẹ̀ wà nítòsí yóò máa fà mọ́ ayé náà díẹ̀díẹ̀, torí pé ayé ọ̀hún kò yára yí po tó òṣùpá rẹ̀. Mo fi han Àǹtí nígbà tí eré parí. Ó ṣírò rẹ̀ lójú mi, ó sì fa ìlà gba orí òṣùpá náà kọjá láìjiyàn. Ohun tó fà á kò ṣòro láti rí: ìṣirò ló fi ń rí ọdún, ooru àti òòfà, ṣùgbọ́n dáìsì ló ń jù láti mọ iye òṣùpá. Bí ó bá fi ìlà kan péré kún ìwé rẹ̀ fún ààlà yìí, ọ̀rọ̀ parí.

Àbùkù kejì kò le tó ìyẹn, àmọ́ ó yà mí lẹ́nu pé ní ìlú yìí ló ti ṣẹlẹ̀. Ìhà ìmọ́lẹ̀ ayé náà jẹ́ aṣálẹ̀ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, atẹ́gùn rẹ̀ kì í sì í sinmi, síbẹ̀ ojú ọ̀run mọ́ kedere lójoojúmọ́. Àwa tí ọyẹ́ ń gbé eruku aṣálẹ̀ Ṣáàdì wá bá lọ́dọọdún mọ̀ pé kò lè rí bẹ́ẹ̀. Láti àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ti gbé ẹ̀rọ tó ń wọn ìtànṣán oòrùn àti eruku inú afẹ́fẹ́ kalẹ̀ sí Yunifásítì Ìlọrin, kò sì jìnnà sí yàrá òkè yìí rárá. Eruku máa ń dín ìmọ́lẹ̀ kù, ó máa ń yí ooru ilẹ̀ padà, ó sì lè ba ẹ̀rọ jẹ́: ní 2018, ìjì eruku tó bo Mars ló pa Opportunity, ọkọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń fún lágbára, lẹ́nu mọ́. Irú ìjì bẹ́ẹ̀ ìbá fún awakọ̀ wa ní òru tó ń wá kiri.

Yàrá náà fúnra rẹ̀ kò burú. Àga kò tu ẹ̀yìn lára, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò sì máa ń bo ohùn mọ́lẹ̀ bí wọ́n bá mú iná lọ, ṣùgbọ́n wàrà díndín tí wọ́n ń tà nísàlẹ̀ dára gan-an. Ẹni tó kórìíra ìṣirò kò ní láti bẹ̀rù, torí Àǹtí kì í fipá mú ẹnikẹ́ni ṣe é. Ẹni tó kàn fẹ́ yìnbọn pa àjèjì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni kò ní gbádùn ibẹ̀. Tábìlì méjì péré ló wà, nítorí náà kí ẹni tó bá fẹ́ lọ fi orúkọ sílẹ̀ ṣáájú Ọjọ́bọ̀, bó bá sì ń fẹ́ ayé tó ní òṣùpá, kí ó tètè sọ, kí Àǹtí lè rí àyè ṣírò rẹ̀.